Ìgbátí Etí Òrùlé: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Òfin Ká Àwọn Tí Ń Lépa Ìjì Lọ́wọ́ Kò?

 

Nígbà tí a wá wàásù fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà òjò kan tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan láti kíláàsì gíga dìde, ó sì bi wá léèrè bóyá ó tọ́ kí ìjọba fi òfin de àwọn tí ń sáré lọ wo ìjì àti àgbàrá, tí wọ́n sì ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwa kò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè náà gún wa ní kẹ́ṣẹ́ lọ́kàn, nítorí a ti wà nínú àwọn tí ó sáré lọ wò ó rí. A dá a lóhùn ní ṣókí lọ́jọ́ náà. Ìwé àjọ̀dún yìí fún wa ní àyè láti dá a lóhùn ní kíkún.

Kí Ni Lílépa Ìjì?

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàápàá ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí Oklahoma, Kansas àti Texas, irú ìjì kan wà tí ń yí bí òkòtó. Ìrù rẹ̀ a máa ti inú àwọsánmà wá kan ilẹ̀, a sì máa fa ilé tu bí ẹni ń fa koríko. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń sá fún un, àwọn kan wà tí ń fi ọkọ̀ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní alépa ìjì. Ọ̀gbẹ́ni David Hoadley bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1956. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Oklahoma àti ilé ìwádìí ìjì ti ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lépa ìjì lọ́nà ètò, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń bí i àti bí a ṣe lè kìlọ̀ fún ará ìlú kí ó tó dé.

Iṣẹ́ náà kò ṣàìní èso. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, ọdún 2003, ọ̀gbẹ́ni Tim Samaras gbé ẹ̀rọ ìwádìí kan sí ojú ọ̀nà tí ìjì ńlá kan ń gbà bọ̀ ní ìletò Manchester ní South Dakota. Ìjì náà kọjá lórí ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ sì ṣe àkọsílẹ̀ bí agbára afẹ́fẹ́ ṣe já wálẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rí kọ sílẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ọdún 2013, ní ẹ̀bá ìlú El Reno ní Oklahoma, ìjì kan tí ìbú rẹ̀ ju máìlì méjì lọ yí ọ̀nà padà lójijì, ó sì pa Samaras kan náà, ọmọ rẹ̀ Paul, àti alábàáṣiṣẹ́ wọn Carl Young. Onímọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì jẹ́ oníṣọ̀ọ́ra láàrin àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bí ìjì bá lè mú irú wọn, kí ni kí a wá sọ nípa ọmọdé tí ó gbé fóònù lọ́wọ́?

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti gbóná sí i níbẹ̀. Àwọn alépa ìjì ti pọ̀ débi pé ọkọ̀ wọn a máa dí ojú ọ̀nà mọ́ àwọn tí ń sá àsálà. Àbá kan tilẹ̀ ti wá síwájú ilé aṣòfin Oklahoma pé kí a fún àwọn oníròyìn àti àwọn onímọ̀ ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n lè kọjá níbi tí a bá ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù. Àwọn kan ní ó dára. Àwọn mìíràn ní ojú ọ̀run kì í ṣe ti ìjọba, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó tọrọ àyè kí ó tó wò ó.

Ìjì ti Wa ní Ìbàdàn

Òǹkàwé lè wí pé kí ni ó kan Ọjà'ba nínú ìjì Oklahoma. Òótọ́ ni pé irú ìjì tí ń yí bí òkòtó yẹn kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwa ní tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò àti ní ìparí rẹ̀, ìjì líle a máa ti ìlà-oòrùn wá ṣáájú òjò, a sì ṣí páànù lórí ilé. Àrá ń sán, a sì máa pani. Èyí tí ó burú jù lọ ní Ìbàdàn ni omíyalé.

Orí òkè ni a tẹ Ìbàdàn dó. Ẹni tí ó bá dúró níwájú Gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí a ṣí ní ọdún 1929, yóò rí i bí páànù ṣe kan páànù láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, títí lọ dé ìhà Bẹyẹrúnká, tí ọ̀nà tóóró-tóóró sì ń gba àárín agboolé kọjá. Bí òjò bá rọ̀ sórí páànù wọ̀nyí, ilẹ̀ tí yóò mu ún kò pọ̀. Omi yóò sáré gba gọ́tà àti ojú ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ lọ sínú àfonífojì tí àwọn odò wa wà. Bí ìdọ̀tí bá ti dí abẹ́ afárá, tí ènìyàn sì ti kọ́lé sí ibi tí odò máa ń nà sí nígbà tí ó bá kún, omi náà yóò wọ inú ilé. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́. Ẹni eji rí ni eji ń pa.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 200 lọ. Olóògbé Bọ́lá Ìgè ni gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, nígbà ìjọba olóògbé Abíọ́lá Ajímọ̀bi, òjò tí ó rọ̀ fún wákàtí díẹ̀ tó 187 mìlímítà. Omi gbé afárá lọ káàkiri ìlú, ènìyàn tí ó ju 100 lọ sì kú. Lẹ́yìn èyí ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí igba mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2014 láti ran ìpínlẹ̀ wa lọ́wọ́ lórí ọ̀ràn omíyalé ní Ìbàdàn.

Ìjẹ́wọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ wàyí, ìjẹ́wọ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wá ní ọdún 1980. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ọjọ́ Àìkú náà, àwa àti àwọn ẹgbẹ́ wa kan kúrò ní Ọjà'ba, a gba Amúnigún já sí Agbẹ́ni, a sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí Ògùnpa. A kò ní ìbátan níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rán wa níṣẹ́. Ìran ni a lọ wò. Omi ti ń fà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ru. A dúró sí etí bèbè, à ń na ìka sí ilẹ̀kùn, àpótí, àti àwọn ohun mìíràn tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni na ìka sí.

Bàbá àgbàlagbà kan jáde sí wa pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Aṣọ ara rẹ̀ tutù jọ̀bọ̀tọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé òkú ọmọ ènìyàn ni ẹ wá ń wò níran? Ẹ kúrò níbẹ̀!" A ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó nà án mọ́ ẹ̀yìn ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù lọ nínú wa, gbogbo wa sì sá. A kò tí ì rìn jìnnà tí bèbè tí a dúró lé fi ya, tí ó sì wọnú odò pẹ̀lú igi tí ó wà lórí rẹ̀. A dúró, ẹnu wa kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá náà wo odò, ó wo àwa, ó sì wí pé, "Bí ẹ bá ní agbára láti dúró, ẹ ní agbára láti gbẹ́rù. Ẹ wá." A bá wọn kó ẹrẹ̀ àti ẹrù nínú agboolé wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

A kò mọ orúkọ bàbá náà títí di òní. Kò sí òfin lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ aṣọ ọlọ́pàá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ohun tí ó ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè pé ní òní, àgbà mélòó ni yóò jáde pẹ̀lú ọ̀pá? Ọmọ mélòó ni yóò sì sá, tí kò ní yí fóònù padà láti ya àwòrán àgbà náà?

Oríṣìí Mẹ́ta Ni Àwọn Tí Ń Lọ

Kí a tó ṣe òfin, ó yẹ kí a mọ ẹni tí òfin yóò mú. Oríṣìí mẹ́ta ni àwọn tí ń lọ sí etí omi nígbà tí ó bá kún. Èkíní ni àwọn tí ń lọ wòran, bí àwa ti lọ. Èkejì ni àwọn tí ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ tàbí tí ń lọ kìlọ̀: oníròyìn, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, àti ọmọ àdúgbò tí ó ya àwòrán afárá tí ìdọ̀tí dí kí ìjọba lè rí i. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ń lọ gbani là: ọkùnrin tí ó so okùn mọ́ ìdí tí ó sì wọ omi nítorí ọmọ aládùúgbò. A sì gbọ́dọ̀ fi àwọn mìíràn kún un, tí kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tí ọ̀nà ilé wọn gba ibẹ̀. Ìyá tí ó ń ti Ọjà'ba bọ̀, tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wà ní òdìkejì afárá, kì í ṣe alépa ìjì.

Bí òfin bá wí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ omi nígbà ìjì, yóò mú olùgbàlà pọ̀ mọ́ olùwòran. Ní ìlú wa, níbi tí àwọn aládùúgbò ti máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí omi ń gbé lọ ṣáájú ọkọ̀ ìjọba, irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò pa ju iye tí yóò gbà là.

Ṣé kí a wá fún àwọn kan ní ìwé àṣẹ, bí àbá ti Oklahoma? Àwọn baba wa ti dán irú rẹ̀ wò. Ní ayé àtijọ́, bí àrá bá sán lu ilé kan, àwọn Mọgbà àti àwọn olùsìn Ṣàngó nìkan ni ó ní àṣẹ láti wọ ibẹ̀. Ó dà bí ètò tí ó dára: ibi ewu ni, ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni kí ó lọ. Ṣùgbọ́n àlùfáà Samuel Johnson, tí ó kàwé ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn níhìn-ín lọ́dọ̀ David Hinderer, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921 pé ńṣe ni wọ́n ń kó ẹrù ilé tí àrá sán lù, tí wọ́n sì ń bu owó ìtanràn ńlá lé ẹni tí àjálù bá. Àṣẹ tí a fún wọn nítorí ewu di oúnjẹ fún wọn. Kì í ṣe ẹ̀sìn kan ni à ń bá jà níhìn-ín. Ìwà ọmọ ènìyàn ni à ń sọ. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń gba owó ẹ̀yìn lójú pópó wa lónìí yóò mọ ibi tí ìwé àṣẹ wíwo ìjì yóò já sí.

Kí Ni Ó Yẹ Kí Òfin Ṣe?

Àwọn kan yóò wí pé bí ọ̀ràn bá rí báyìí, kí òfin dákẹ́; kí olúkúlùkù ru ẹrù ara rẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí omi gbé kì í dá lọ. Ẹni tí ó fò tẹ̀lé e láti yọ ọ́ ń fi ẹ̀mí tirẹ̀ wewu. Bí awakọ̀ Micra bá wọ inú àgbàrá, èrò tí ó gbé sẹ́yìn kò bá a dá ìmọ̀ràn náà.

Nínú ìwé Deuteronomi, orí 22, òfin kan wà tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Òrùlé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì máa ń gùn ún. Òfin náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gun òrùlé. Ẹni tí ó ń kọ́lé ni ó bá wí, pé kí ó ṣe ìgbátí, èyíinì ni odi kékeré, yí etí òrùlé ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá jábọ́ má baà wà lórí ilé rẹ̀. Èyí ni àwòṣe tí a rí. Kí òfin má ṣe lépa alépa ìjì káàkiri ìlú. Kí ó mọ ìgbátí sí ibi tí ewu wà, ní wákàtí tí ewu bá wà. Kí ó sì bá onílé wí ṣáájú àlejò.

Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, kí a kun àmì sí ara gbogbo afárá wa, tí tọmọdé tàgbà lè rí. Bí omi bá ti kan àmì pupa, kí a dí afárá náà. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi yé wa pé omi tí ń sáré, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gba àgbàlagbà lẹ́sẹ̀. 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré. 60 sì lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá lọ. Kì í ṣe ọ̀ràn ìgboyà rárá.

Ní ọ̀nà kejì, ẹni tí ó bá fi ojú di ìdènà náà ni kí òfin mú. Ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1995: awakọ̀ tí ó bá yẹ ìdènà sílẹ̀ tí ó sì wọ inú àgbàrá lè san owó iṣẹ́ àwọn tí ó wá yọ ọ́. Kí ìyà awakọ̀ tí ó kó èrò wúwo ju ti ẹni tí ó dá rìn lọ. Ṣùgbọ́n ní tiwa, kí ẹnikẹ́ni má gba owó ní etí odò. Kí ilé ẹjọ́ ni yóò dá a, kí ìyà ọ̀dọ́ sì jẹ́ iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí ní gọ́tà, bí bàbá ọjọ́ sí ti fi wá ṣe.

Ní ọ̀nà kẹta, kí òfin sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tí ó kọjá ìdènà láti gba ẹ̀mí là kò jẹ̀bi.

Ní ọ̀nà kẹrin, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ, kí òfin de ìjọba pẹ̀lú. Iléeṣẹ́ tí ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ń kéde bí òjò yóò ti rí lọ́dọọdún. Ẹni tí ó gbọ́ ìkéde tí kò kó ìdọ̀tí abẹ́ afárá, tí ó sì ń fi ọwọ́ sí ilé kíkọ́ sí etí odò, ni onílé tí kò ṣe ìgbátí. Níbi tí ìjọba kò bá gbé ìdènà sí, kò yẹ kí ó rí ẹnu fi bá ọmọdé tí ó jìn sínú omi wí.

Ọ̀rọ̀ Ìparí fún Àwọn Ọmọ Wa

Ọmọbìnrin wa tí ó bi wá léèrè, ìdáhùn wa nìyí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú wíwo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Bí o bá fẹ́ wo òjò, gun òkè Màpó, kí o wò ó láti abẹ́ òrùlé. Ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìgbà tí mànàmáná bá kọ títí di ìgbà tí àrá bá sán. Mẹ́ta-mẹ́ta dúró fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tó 30, wọlé, má sì jáde títí ìdajì wákàtí yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Gbé agolo sí àgbàlá láti wọn òjò, kí o sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ìmọ̀ ni ìyẹn náà. Bí o bá ní fóònù, ya àwòrán gọ́tà tí ó dí ní ọjọ́ tí oòrùn ràn, kí o sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó yẹ kí ó kó o. Ọjọ́ tí omi bá kún, àwòrán ti pẹ́ jù.

Sí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, a ní àbá kan. Bí a bá ti ń dáwó fún àjọ̀dún, ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ra ọ̀dà, kí a sì bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí a lè kun àmì sí àwọn afárá tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń gbà kọjá. Kò ní gbà ju ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lọ. Ní ọjọ́ tí òjò bá sì ṣú dẹ̀dẹ̀, kí àgbà tí ilé rẹ̀ sún mọ́ odò mú ọ̀pá rẹ̀ jáde. Bàbá kan ti ṣe é fún wa rí, ìdí nìyẹn tí a fi wà láàyè láti kọ èyí.

Kí Ọlọ́run kí ó má ṣe jẹ́ kí a tún fi ojú rí irú 1980 àti 2011 mọ́. Kí ó sì bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó máa tẹ̀ síwájú. Àmín.